Bàbá Tí Kò Ṣubú: Ìtàn Nọ́ọ̀sì, Bẹ́ẹ̀dì àti Ẹsẹ̀ Aláìsàn

  

Ìtàn ìwòsàn ni a máa ń sọ lórí ètò yìí, ṣùgbọ́n ti òní kan èmi fúnra mi. Kí n tó mú yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá kan wọ wọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú òtútù àyà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé, fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ lọ sílé ìtọ̀. Mo sáré dé ibẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ẹ ó ṣubú." Mo gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè lọ́tùn-ún lósì, mo sì gbé ìgò ìtọ̀ wá. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi wá o." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, wọn yóò padà fi ẹsẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ikọ́ lọ, ibà lọ, dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé. A ní kí Bàbá dìde. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n rìrì, kò gbà wọ́n dúró. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì ló gbé wọn dé inú mọ́tò, ìkan gbá itan mú, ìkejì gbá èjìká mú. Ọ̀pá wọn ni mo gbé tẹ̀ lé wọn.

Lọ́jọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé aláìsàn yìí kò ṣubú rárá títí ó fi lọ. Òótọ́ ni. Ọ̀gá wa yìn mí, inú mi sì dùn. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ ohun tí mo ṣe fún Bàbá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn, kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Èmi ni mo ṣubú lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Bàbá. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún àwa nọ́ọ̀sì pé aláìsàn tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni aláìsàn tó wà ní àlàáfíà?

Nígbà tí ìdùbúlẹ̀ di òògùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín 1860 sí 1862, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ John Hilton, láti ilé ìwòsàn Guy's, ṣe ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1863, orúkọ tí àwọn ènìyàn sì wá mọ ìwé náà sí ni Rest and Pain. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le: ara ló ń wo ara rẹ̀ sàn, iṣẹ́ dókítà sì ni pé kó fún ara náà ní ìsinmi, kó má dí i lọ́wọ́.

A kò lè bá Hilton jà. Egungun tó dá, ó yẹ kó dúró sójú kan kí ó tó lè so. Oríkèé tó wú, tó ń ro ni, ó yẹ kó sinmi. Nígbà náà kò sí òògùn tí ń pa kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, kò sí ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ìsinmi wà, kò sì náni lówó.

Ṣùgbọ́n ohun tó dára fún egungun kan ni wọ́n wá sọ di òfin fún gbogbo ara. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Silas Weir Mitchell tẹ ìwé kan jáde ní 1877, Fat and Blood, tó fi polówó ìtọ́jú onídùbúlẹ̀. Obìnrin tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tó rẹ̀, tó rù, wọn a gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ ránṣọ, kò gbọdọ̀ kàwé. Nọ́ọ̀sì ni yóò máa fún un lóúnjẹ.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di àṣà. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀yìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá níṣẹ́ díẹ̀ tó sì yè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Obìnrin tó bímọ ní ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ fi wé ti ilé wa: ọjọ́ kẹjọ la ń kó ọmọ jáde, ìyá ọmọ á sì ti dìde, á ti wẹ omi gbígbóná, á ti wọṣọ, á máa dáhùn kíkí àwọn àlejò.

Ibi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bí aláìsàn kò bá gbọdọ̀ dìde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún un, kí ó yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò, kí ó gbé póò wá, kí ó gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ni ẹni tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ, tí àwọn aláìsàn rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí ìlà bí ìwé. A mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó dùbúlẹ̀. A kò kọ́ bí a ṣe ń gbé e dìde.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé "Ẹ dìde"

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ni dókítà kan ní Chicago, Emil Ries. Ní 1899, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà pé òun ń jẹ́ kí àwọn obìnrin tí òun ṣiṣẹ́ abẹ inú fún tètè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, àti pé ara wọn ń tètè yá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Wọ́n ní ojú iṣẹ́ abẹ á já. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó padà wá sójú agbo, nígbà tí Daniel Leithauser ní Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 1938.

Ẹ̀rí sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní Jámánì, Rudolf Virchow ti fi hàn kí 1860 tó pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó já, kí ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ abẹ wọn yọrí sí rere ló kú lójijì ní ọ̀sẹ̀ kejì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ìrìn máa tì lọ sókè ló dúró sẹ́sẹ̀ tó dì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni obìnrin kan, Dókítà Marjory Warren. Ní 1935, ilé ìwòsàn West Middlesex ní Isleworth, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, gba ilé ìtọ́jú àwọn aláìní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ní kí Warren máa bójú tó o. Bẹ́ẹ̀dì tó lé ní 700 ló bá níbẹ̀. Àgbàlagbà ló kún orí wọn. Àwọn mìíràn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ti yẹ̀ wọ́n wò dáadáa láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. "Aláìlèdìde" ni orúkọ àìsàn wọn.

Warren ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àìsàn kankan tó ní kí wọ́n má rìn. Ẹnì kan rọ lápá kan ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kejì lágbára. Ẹlòmíràn kàn ṣubú lẹ́ẹ̀kan ni, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó kó nọ́ọ̀sì àti àwọn tó mọ ìtọ́jú ara àti iṣan jọ, ó tún wọ́ọ̀dù kùn kí ó mọ́lẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ní ìjókòó, ìdúró àti ìrìn. Ọ̀pọ̀ ló padà sílé. Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣófo tí a kò nílò wọn mọ́. Ìgbà tí ó kọ ọ́ jáde ní 1943 àti 1946 ni ẹ̀ka ìwòsàn àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í ní orúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun, Asher, àti obìnrin Èkó kan

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá fi tipátipá ṣe é. Bẹ́ẹ̀dì kò tó, nọ́ọ̀sì kò tó, ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ sì ń ya wọlé. Kò sí àyè fún ẹni tí yóò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé wọn dìde kíá, wọn kò kú, ojú iṣẹ́ abẹ wọn kò já. Ní 1944, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà tẹ oríṣiríṣi àròkọ jáde lórí bí a ṣe ń ṣi ìsinmi lò nínú ìtọ́jú.

Ní oṣù Kejìlá 1947, Richard Asher, dókítà kan ní Central Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ àròkọ kúkúrú kan sínú British Medical Journal, tó pè ní The Dangers of Going to Bed. Ó mú ẹ̀yà ara lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tí bẹ́ẹ̀dì ń ṣe sí i: ẹ̀dọ̀fóró á kún, ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹsẹ̀, awọ á di egbò, oríkèé á gan, egungun á pàdánù okun rẹ̀, ìgbẹ́ á gbẹ, ìtọ̀ á há, ọkàn aláìsàn pàápàá á rẹ̀wẹ̀sì títí tí kò fi ní fẹ́ dìde mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ń tọ́ka sí ìwé yìí títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n da okùn ilé mọ́ ọn. Ní 1946, obìnrin Èkó kan, Kofoworola Abeni Pratt, wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Florence Nightingale ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1860. Ìyáàfin Pratt wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àròkọ Asher jáde. Ó padà sílé, nígbà tó sì di 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1957. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ìtàn òyìnbó lèyí. Àwọn obìnrin wa wà nínú wọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àṣà àtijọ́ ń kú tí tuntun ń dìde.

Ẹ̀rí tó pa ẹnu gbogbo ènìyàn mọ́ dé ní 1966. Ní Dallas, ní Texas, àwọn onímọ̀ mú ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ọmọ ogún ọdún, ara wọn le koko. Wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n wá àwọn márààrún náà rí, wọ́n sì tún wọn dán wò. Agbára ara tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ́wọ́ wọn nígbà èwe ju èyí tí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi dàgbà gbà lọ. Ní 2007, wọ́n dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹran ẹsẹ̀ wọn dín ní ìwọ̀n bíi kìlógírámù kan.

Ẹ rántí Bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ìbẹ̀rù ìṣubú padà wá

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀: a ṣìnà, a mọ̀, a yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn lè ṣubú. Àgbàlagbà tó sì ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Òmíràn kò ní padà rìn mọ́, òmíràn kò ní pẹ́ láyé. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àlá.

Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, Janice Morse, ní Kánádà. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ṣubú ní ilé ìwòsàn, ó ń fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣubú. Ó rí i pé nínú ìṣubú 100, bíi 14 ló jẹ́ jàǹbá lásán, bíi kí omi wà nílẹ̀. Mẹ́jọ ló jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú, bíi kí gìrì mú ènìyàn lójijì. Àwọn 78 tó kù, ohun tí a lè rí kó tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣe òṣùwọ̀n tí ó tẹ̀ jáde ní 1989, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìbéèrè mẹ́fà péré ni. Ṣé aláìsàn ti ṣubú rí láìpẹ́? Ṣé àìsàn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ? Kí ló fi ń rìn, ọ̀pá ni àbí àga àti ògiri ló ń dì mú? Ṣé ó ní dírípù lára? Báwo ni ìrìn rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó mọ ibi tí agbára òun mọ, àbí ó ń gbàgbé? Ẹni tó ń di ògiri mú gba 30, ẹni tó ti ṣubú rí gba 25. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju 125 lọ.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń tọ́ka sí. Bí ìrìn kò bá dára, kọ́ ọ ní ìrìn. Bí dírípù bá ń dí i lọ́wọ́, bi dókítà bóyá a lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ro iye náà pọ̀, ó ga, a so báàjì mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn, a gbé irin sókè, a ní kó má dìde. A fi òṣùwọ̀n tó yẹ kó kọ́ wa bí a ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ rìn di ìdájọ́ pé kó má rìn mọ́.

Owó tún wá dá sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2008, Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, kò san àfikún owó mọ́ fún ìpalára tí aláìsàn bá ní nítorí pé ó ṣubú nínú ilé ìwòsàn. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú ń ná ilé ìwòsàn lówó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú lórí bẹ́ẹ̀dì kò ná an ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí wọn yóò máa kà.

Bẹ́ẹ̀ ni aago bẹ́ẹ̀dì ṣe pọ̀ sí i, èyí tó máa ń dún bí aláìsàn bá ti gbé ìdí. Ní 2012, àwọn onímọ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní wọ́ọ̀dù 16 ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà: àwọn nọ́ọ̀sì ń lo aago náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìṣubú kò dín. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò sàn jù ú lọ. Aláìsàn tí iyè rẹ̀ dàrú lóru á gun orí rẹ̀, dípò kí ó ṣubú láti orí bẹ́ẹ̀dì, á ṣubú láti orí irin.

Ohun tó ṣiṣẹ́

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó gba ènìyàn. Ní 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 14 ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí nọ́ọ̀sì bá ń yí ká ọ̀dọ̀ aláìsàn ní wákàtí wákàtí, tó ń béèrè bóyá ó ń jẹ̀rora, bóyá ó fẹ́ yàgbẹ́ tàbí tọ̀, bóyá ó jókòó dáadáa, ìṣubú á dín. Nítorí kí ni? Nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ṣubú, ilé ìtọ̀ ló ń lọ. Ó ti pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kò tètè dé, ó dìde fúnra rẹ̀. Bàbá mi náà, ilé ìtọ̀ ló fẹ́ lọ.

Ní Boston, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ olùwádìí, Patricia Dykes, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe páálí kan tí wọ́n máa ń fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló jọ ń kún un: ohun tó lè gbé e ṣubú, àti ohun tí a ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dán an wò láàárín aláìsàn tó lé ní 37,000 ní Boston àti New York. Ní 2020, wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde: ìṣubú dín ní 15 nínú 100, ìṣubú tó fa ìpalára sì dín ní 34 nínú 100.  Wọ́n kàn bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ní Nàìjíríà wa, ẹ̀yin gan-an ni nọ́ọ̀sì kejì. Nọ́ọ̀sì kan lè máa ṣọ́ wọ́ọ̀dù tó kún, ọmọ àti aya ni wọ́n ń sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì bóyá aláìsàn yín lè dìde. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ẹ rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní táyà ti wà ní títì. Ẹ nu ilẹ̀ gbẹ. Ẹ wọ̀ ọ́ ní bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ ká ìró tàbí ṣòkòtò tó ń wọ́lẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì ná, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, òòyì lè kọ́ ọ bó bá dìde lójijì, nítorí ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sẹ́sẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ dá a padà sùn.

Ẹ má ṣe ki ọwọ́ sábẹ́ abíyá rẹ̀ kí ẹ fà á sókè. Gbogbo wa la ń ṣe é, ó sì burú. Ó lè yọ èjìká rẹ̀, ó sì lè já yín lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí kò lágbára, díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀. Ọ̀pá, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ni kó wà.

Bí ó bá sì fẹ́ ṣubú lọ́wọ́ yín? Ẹ má gbìyànjú láti gbé e dúró. Ẹ fà á mọ́ra, ẹ jẹ́ kí ó rọra yọ̀ sílẹ̀ lára itan yín, kí ẹ sì dáàbò bo orí rẹ̀. Ẹ má sáré gbé e. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nílé, ẹ jẹ́ kí iná wà lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀ lóru. Bí kò bá sí iná mànàmáná, tọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ká ẹní tó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa òògùn oorun àti òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń lò, àwọn méjèèjì lè mú òòyì wá.

Kí n padà sọ́dọ̀ Bàbá. Bí ó bá jẹ́ òní ni, n ó ṣe é báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n bá ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ni mo fi wá o," n ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ọ̀pá yín." N ó jókòó tì wọ́n létí bẹ́ẹ̀dì títí ojú wọn á fi mọ́lẹ̀. A ó rọra rìn lọ, a ó rọra rìn bọ̀. Lójúmọ́ ọjọ́ kejì, n ó sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ jẹ́ òògùn bíi ti inú ìgò. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kan wọn á yẹ̀gẹ̀rẹ̀, èmi á sì wà níbẹ̀.

Nínú ìwé tí a ń kọ, ó yẹ kí a fi ìlà kejì kún un. Ìlà àkọ́kọ́ sọ bóyá aláìsàn ṣubú. Ìlà kejì yóò béèrè pé: ó rìn wọlé, ṣé ó rìn jáde? Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá ní ilé ìwòsàn lónìí, ẹ béèrè ìbéèrè kejì yẹn lọ́wọ́ wa. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ibi tí a ó dánu dúró sí lónìí nìyí. Ẹ bá mi fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹsẹ̀ gbogbo wa máa gbé wa o. Ó dàbọ̀.